PhD ti parí, kí ló kàn? Mo ń wá postdoc nínú computational biology, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Àbẹ̀kẹ́Gẹ́ẹ̀lì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ó wá kan èmi náà wàyí. Mo gba PhD mi nínú Biochemistry lọ́dún tó kọjá ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí, orí ibà ni mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kòkòrò ibà tí oògùn ò ràn mọ́. Iṣẹ́ láàbù ni mo mọ̀ dénú, PCR, gẹ́ẹ̀lì, kéèyàn yọ DNA lára ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kán sórí pépà tó ti gbẹ, gbogbo ẹ̀ ni mo ti ṣe, tòun ti jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn wíńdò. Ìgbà tó yá mo ṣe kọ́ọ̀sì bioinformatics tí àwọn H3ABioNet, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ bioinformatics nílẹ̀ Áfíríkà, ṣe, láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi R, èdè kọ̀ǹpútà yẹn, ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀, ká sòótọ́ ó ti wá wù mí ju láàbù lọ báyìí.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé ẹni tó ti láàbù wá lè rí postdoc (iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ lẹ́yìn PhD) nínú computational biology (kéèyàn máa fi kóòdù yẹ dátà ohun alààyè wò) gbà àbí kí n lọ ṣe Masters míì? Ìlú wo ni kí n dojú kọ? Mo lọ́kọ, mo lọ́mọ méjì, Lecturer II ni mí níbi tí mo wà, wọ́n sì ní tí mo bá máa lọ àfi kí n tọwọ́ bọ bond, ìwé àdéhùn pé màá padà wá ṣiṣẹ́ fún wọn. Àwọn kan tún ní kí n má dá ara mi láàmú pẹ̀lú postdoc, kí n wọ iléeṣẹ́ biotech tààrà. Orí mi ti dàrú pátápátá. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀gáPípẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú oríire o, Dókítà wa. Masters míì kẹ̀? Ẹ gbàgbé ìyẹn. Láàbù lèmi náà ti wá, orí yeast ni mo ti ṣe PhD, ní báyìí láti àárọ̀ dalẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń tẹ̀ ní Jámánì níbí. Àwọn ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ wo sáfíkéètì, ohun téèyàn ti ṣe parí ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ṣí GitHub yín, ibi téèyàn ń kó kóòdù ẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá iṣẹ́ kan tó lórí tó nídìí, tí ẹlòmíì lè gbé kóòdù rẹ̀ kó tún un ṣe kó sì rí èsì kan náà. Kan ṣoṣo o, iṣẹ́ mẹ́wàá tí ẹ ṣe dé ìdajì tí ẹ pa tì ò lè gbà yín.

Ẹ jẹ́ ká fi tiyín gan-an ṣe é. Pf7 wà níta, MalariaGEN ló gbé e jáde ní 2023, genome (odindi DNA) kòkòrò ibà 20,864 láti orílẹ̀-èdè 33, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò nílò kọ̀ǹpútà ńlá, package Python kan wà tó ń jẹ́ malariagen_data, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Google Colab, níbi téèyàn ti ń kọ kóòdù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni dátà wà, kò dìgbà tẹ́ẹ bá fi dátà fóònù yín dáńlóòdù gbogbo ẹ̀ wálé. Ẹ yọ àwọn ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sọ́tọ̀, kí ẹ wo jíìnì dhps, èyí tí ìyípadà inú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí oògùn SP má ràn mọ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé ìyípadà I431V inú jíìnì yẹn, ara àwọn tó ti Nàìjíríà dé ìlú ọba ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé SP, èyí táwọn èèyàn wa ń pè ní Fansidar, la ṣì ń fún àwọn aboyún lò ní klíníìkì kí ibà má bàa mú wọn. Ọmọ tó ka computer science lè mọ Python jù yín lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, tó bá rí 431V lójú kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rárá. Ibẹ̀ yẹn gan-an lọjà yín wà. Ẹ ṣe é, ẹ ya àwòrán mẹ́rin márùn-ún tó dáa, ẹ kọ ọ́ jáde, ẹ gbé e sórí bioRxiv, ibi tí wọ́n ń gbé pépà sí kí jọ́nà tó gbà á. Ó dájú pé ẹ máa rí ẹni tó máa dá yín lóhùn.

Nípa Jámánì, ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n kẹ́ẹ tó sọ pé ẹ gbà: ṣé kọ́ńtíráàtì ni àbí stipend, ìyẹn owó ìtìlẹ́yìn tí kì í ṣe owó oṣù? Tó bá jẹ́ kọ́ńtíráàtì, TV-L E13, ìpele owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ni wọ́n sábà máa ń san, wọ́n á yọ owó pẹ́ńṣàn, wọ́n á yọ owó ìlera, ọkọ yín tí ò bá tíì ríṣẹ́ àti àwọn ọmọ á sì wà lábẹ́ ètò ìlera ìjọba yẹn kan náà láìsan owó míì kún un. Tó bá jẹ́ stipend, owó ọwọ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ kò sí pẹ́ńṣàn níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ ra ìbánigbófò fún ẹni mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi kan ò bèèrè, ó dé'bí tán ló mọ̀, ìyàwó ẹ̀ sì lóyún lọ́wọ́. Ẹ tún mọ̀ pé òfin ibí ò sábà jẹ́ kéèyàn ṣe kọ́ńtíráàtì onígbà díẹ̀ ju ọdún 6 lọ lẹ́yìn PhD ní yunifásítì, lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní WissZeitVG. Tí ìyẹn bá ti tán tẹ́ẹ ò tíì di prọ́fẹ́sọ̀, ó lè di pé kí ẹ di ẹrù.

KòsíOwó_KòsíPostdoc

Èmi á kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Iṣẹ́ ẹrú ni postdoc. Ẹ gba PhD tán, ẹ tún lọ ń gba owó táwọn ọmọ tó kàwé gboyè àkọ́kọ́ tó ń kọ kóòdù ní báńkì ń gbà jù yín lọ, ọdún méjì, ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́fà, ọ̀gá ń jẹ orúkọ. R tẹ́ẹ mọ̀ yẹn ti tó. Ẹ kọ́ SQL kún un, ẹ lọ ṣe data analyst, kí ẹ jẹun.

MàmáSnakemake

@KòsíOwó ẹ kú ìbínú o 😂 ọ̀rọ̀ yín ò ṣe é sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe postdoc lẹ ń bá jà, ọ̀gá burúkú lẹ ń bá jà.

Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, ìlú ọba ni mo wà, nítòsí Cambridge. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì mú ìlú. Gbogbo èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè ìlú, Amẹ́ríkà ni àbí Kánádà ni àbí London. Èyí tó yẹ kéèyàn wádìí ṣáájú ni pé ta ni ọ̀gá yẹn, owó ta ni wọ́n máa fi san án fún mi, ìgbà wo lowó yẹn máa tán. Mo ti rí ẹni tó kó ìyàwó àtọmọ dé, gráàntì tó gbà á wọlé wá ku oṣù mẹ́jọ. Ẹ lè bi wọ́n tààrà nígbà interview, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ ní "ìgbà wo ni gráàntì yìí máa parí, tó bá parí kí ló kàn?" Ọ̀gá gidi á dáhùn. Èyí tó bá ń fọ̀rọ̀ yíká, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan àwa onídátà gan-an, torí ẹni tó wà ní láàbù nìkan kì í mọ̀ ọ́n. Tẹ́ẹ bá wọ láàbù tó jẹ́ pé àwọn tó ń di pípẹ́ẹ̀tì mú ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ kóòdù, gbogbo wọn máa kó dátà wá bá yín. RNA-seq ti lágbájá, single-cell ti tàmẹ̀dù, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ kàn bá mi ya volcano plot kan, kò ní pẹ́." Kò ní pẹ́ lóòótọ́. Ọdún mẹ́ta máa kọjá, orúkọ yín á wà láàárín lórí pépà méjìlá, kò ní sí níwájú lórí ẹyọ kan. Tẹ́ẹ bá wá lọ wá iṣẹ́ lecturer tàbí fellowship (owó ìwádìí tí wọ́n fún ẹ̀yin fúnra yín), wọ́n á ní iṣẹ́ wo lẹ fúnra yín gbé kalẹ̀? Torí náà kẹ́ẹ tó sáìnì, ẹ bi ọ̀gá pé iṣẹ́ wo ni tèmi, ta ló máa jẹ́ first author ẹ̀, ìdá mélòó nínú ọ̀sẹ̀ mi ni màá fi bá àwọn yòókù ṣe tiwọn, tí mo bá sì ń lọ ṣé mo lè gbé iṣẹ́ náà dání? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú í-meèlì. Kẹ́ẹ tún wá àwọn postdoc tó ti kúrò níbẹ̀ kàn, kì í ṣe àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ o, àwọn yẹn ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n wà báyìí lórí LinkedIn. Bí gbogbo wọn bá ti parẹ́ láìsí pépà, ìdáhùn dé nìyẹn.

Nípa owó ìlú ọba: ọ̀pọ̀ yunifásítì ń bẹ̀rẹ̀ postdoc láàárín £38,000 sí £45,000. Tí gráàntì ọ̀gá bá ti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú ètò UKRI, àjọ tó ń fún ìwádìí lówó ní ìlú ọba, wá, ẹ lè gba Global Talent visa, èyí dáa jù Skilled Worker lọ torí kò so yín mọ́ ọ̀gá kan, ọkọ yín lè ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ọdún 3 ẹ lè bèèrè ìwé ìgbélùú. Ibi tó ti ń dunni ni owó ìlera tí wọ́n ń gbà ṣáájú, £1,035 fún àgbàlagbà lọ́dún kan, £776 fún ọmọdé. Ẹ ṣe é pọ̀ fún ẹni mẹ́rin lọ́dún mẹ́ta, £10,866 ni, owó visa gan-an ò sí nínú ìyẹn o! Yunifásítì kan máa ń dá owó yẹn padà fún òṣìṣẹ́, òmíì ò ní dá kọ́bọ̀ padà, òmíì á dá ti ẹ̀yin padà á ní ti ọmọ ò kan òun. Ẹ bèèrè kẹ́ẹ tó gbà.

Àbẹ̀kẹ́Gẹ́ẹ̀lì

Ha! £10,866. Mo ṣírò ẹ̀ sí náírà mo dákẹ́. Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ volcano plot yẹn wọ̀ mí lára torí ohun tí wọ́n ń fi mí ṣe níbí náà nìyẹn, kí n má parọ́, gbogbo ọmọ project tó bá ti ní dátà ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń ní kó lọ. Amẹ́ríkà wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ẹ̀ka wa ń lọ.

ẸyẹÒru_Texas

Ẹ káàbọ̀. Mo ń dáhùn láàárín òru ni torí ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tí mo gbé sórí cluster, àkójọ kọ̀ǹpútà ńlá tá a jọ ń lò, máa ń rí àyè.

Amẹ́ríkà ṣì ni gráàntì pọ̀ sí jù, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀. Àmọ́ 2025 ò fara rọ fún wa rárá. Ní February NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fún ìwádìí ìlera lówó, ní òun ò ní san ju 15% lọ mọ́ fún indirect cost, ìyẹn owó tí yunifásítì ń gbà lórí gráàntì fún iná, ilé àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, kóòtù dá wọn dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba àwọn yunifásítì, ọ̀pọ̀ ló ti dáwọ́ ìgbanisíṣẹ́ dúró, wọ́n tún fagi lé gráàntì àwọn kan. Torí náà ìbéèrè MàmáSnakemake lórí owó, ẹ fi ìlọ́po méjì bi wọ́n ní ibí.

Iye owó: NIH ní òṣùwọ̀n owó kan fún fellowship tí wọ́n ń pè ní NRSA, ní 2025 ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ postdoc jẹ́ $62,232 lọ́dún. NRSA fúnra ẹ̀, ọmọ ìlú àti oní green card nìkan ló wà fún, ṣùgbọ́n iye yẹn ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń díwọ̀n owó gbogbo postdoc. Láti December 2023 ni ìgbìmọ̀ tí NIH fúnra ẹ̀ yàn ti ní kí wọ́n gbé e dé $70,000 ó kéré tán, a ṣì ń wo ọ̀nà. $62,000 ní Houston, ẹ máa rí ilé gbé. $62,000 ní Boston tàbí San Francisco pẹ̀lú ọmọ méjì tí wọn ò tíì dàgbà tó iléèwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi ẹni tó ń gbé ibẹ̀ léèrè owó ilé àti owó tí wọ́n fi ń bá ni tọ́jú ọmọ, kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Fellowship tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni K99/R00, NIH ló ni ín, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú lè gbà á. Owó K99 wà fún ìgbà tẹ́ẹ ṣì jẹ́ postdoc, R00 á wá bá yín lọ síbi tẹ́ẹ bá ti di Assistant Professor fún ọdún 3. Àwọn tó ń gbanisíṣẹ́ fẹ́ràn ẹni tó bá gbé owó ẹ̀ dání wá, ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí n sọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tíì ju ọdún 4 lọ nínú postdoc kẹ́ẹ tó bèèrè ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ postdoc àkọ́kọ́ ni aago yẹn ti ń kà, postdoc tẹ́ẹ ṣe ní ìlú míì náà wà nínú ẹ̀. Torí náà ẹ má lọ fi ọdún méjì jó síbi tí ò lérè kan pé ẹ fi ń dúró de èyí tó dáa.

Visa: ní 2025, J-1 ni wọ́n ń fún postdoc, ó lè tó ọdún 5. Ẹ bèèrè bóyá òfin ọdún 2 kàn yín, èyí tó ní kéèyàn padà sílé gbé fún ọdún méjì kó tó lè gba visa iṣẹ́ H-1B tàbí green card. Tó bá kàn yín wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀. H-1B wá ti di ti olówó, láti September 2025 wọ́n ní kí agbanisíṣẹ́ san $100,000 lórí ẹni tuntun tó bá ṣì wà lẹ́yìn odi, láàbù wo ló fẹ́ san ìyẹn? Òfin ń yí padà lójoojúmọ́, ẹ má ta mọ́tò o, ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ títí visa á fi wà nínú páálí ìrìnnà.

ÌyálójàBiotech

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iléeṣẹ́ torí òun la ò tíì fọwọ́ kàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀wọ́n, iléeṣẹ́ ní yàrá méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀ fún yín. Yàrá kan ni ti àwọn tó ń ṣe pipeline, ẹni tó máa gbé dátà láti ojú ẹ̀rọ sequencing, èyí tó ń ka DNA, títí di ìgbà tí dókítà máa rí i, tó sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ láìbàjẹ́. Ibẹ̀ ò sẹ́ni tó bìkítà bóyá ẹ ṣe postdoc. Irinṣẹ́ ni wọ́n máa bi yín: Nextflow ńkọ́, Docker ńkọ́, ṣé ẹ ti lo AWS, ṣé ẹ máa ń kọ test sí kóòdù yín, ṣé ẹlòmíì lè kà á? Wọ́n fẹ́ ẹni tó ti bá ẹlòmíì kọ kóòdù pọ̀. nf-core wà níta, àwọn pipeline ọ̀fẹ́ ni, ẹ lọ bá wọn tún nǹkan kékeré kan ṣe níbẹ̀ kí orúkọ yín wà níbẹ̀, mo ti gba ẹnì kan síṣẹ́ torí ìyẹn rí.

Yàrá kejì ni ti Scientist, ẹni tí wọ́n máa bi pé oògùn wo ló yẹ ká dojú kọ, èwo nínú jíìnì ogún yìí ló ń fa àrùn, kí ló dé tí èsì yìí ò fi bá tèṣí mu. Ibẹ̀ postdoc máa ń wúlò gan-an, torí ẹ ti rí bí ìṣirò ṣe máa ń tan èèyàn jẹ. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan tiẹ̀ ní postdoc tiwọn, Genentech ní, Novartis ní, AstraZeneca ní. Owó wọn ju ti yunifásítì lọ dáadáa, wọ́n ń jẹ́ kéèyàn kọ pépà, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọ́n á wá fi yín ṣe òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ o, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ ni.

Èyí tí mi ò ní fi pa mọ́ fún yín ni pé iléeṣẹ́ máa ń kú. 54gene bẹ̀rẹ̀ ní Lagos ní 2019, ó gba $15 mílíọ̀nù ní 2020, ó gba $25 mílíọ̀nù ní 2021, gbogbo wa ń yangàn pé genome ọmọ adúláwọ̀ ti di nǹkan, 2023 ló ti ìlẹ̀kùn. Kì í sì ṣe Áfíríkà nìkan, 23andMe, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń báni yẹ DNA wò, náà wọ kóòtù lọ sọ pé òun ti wọko gbèsè ní March 2025. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò ya ọ̀lẹ, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, owó ló tán. Nítorí náà tẹ́ẹ bá ń lọ sí iléeṣẹ́ kékeré, ẹ bi wọ́n pé owó tó wà lọ́wọ́ yín máa tó oṣù mélòó. Wọ́n ń dáhùn. Èmi máa ń bi wọ́n.

Ẹni kan bi mí lọ́jọ́sí pé ṣé AlphaFold, AI tó ń sọ bí protein ṣe rí, ò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Èsì tèmi ni pé àwọn tó ṣe é gba Nobel ní 2024 lóòótọ́, structure tó lé ní 200 mílíọ̀nù wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ pọ̀ sí i. Ẹni tó ń lo ọdún méjì láti mọ bí protein kan ṣe rí ló gbọ́dọ̀ wá ìbéèrè míì, ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí a fi structure yẹn ṣe ni gbogbo wa ń wá kiri.

KòsíOwó_KòsíPostdoc

Ìyálójà, ẹ ṣáà ti gbà pé yàrá àkọ́kọ́ ò nílò postdoc. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ti jókòó.

ỌmọẸdẹ

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé pápákọ̀ òfuurufú ni gbogbo ọ̀nà já sí. Èmi wà nílé níbí o, mo sì ń jẹun.

Ọdún 2020, March, nígbà tí COVID wọlé, Ẹdẹ ní Ọ̀ṣun níbí, ní ACEGID, ibùdó ìwádìí genome kòkòrò àrùn tó wà ní Redeemer's University, lọ́dọ̀ Prọ́fẹ́sọ̀ Happi, ni wọ́n ti ka genome kòkòrò náà, òun ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ìgbà tí wọ́n rí ọkùnrin ará Italy tó kọ́kọ́ ní in ní Nàìjíríà. Ọ̀tà náà wà níbẹ̀, Covenant University, CUBRe, ibùdó ìwádìí bioinformatics tí Prọ́fẹ́sọ̀ Adébíyìí dá sílẹ̀, bioinformatics ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, orí ibà sì ni wọ́n ti ṣe púpọ̀. Àbẹ̀kẹ́, orí ibà yìí kan náà! Ṣé ẹ ti lọ kí wọn?

Mi ò sọ pé kò sí ìṣòro o. Owó oṣù lecturer, kí ni mo fẹ́ sọ níbẹ̀ tẹ́ẹ ò mọ̀. Reagent, ìyẹn kẹ́míkà láàbù, lè jókòó sí kọ́sítọ́ọ̀mù títí yìnyín tó fi dì í á fi yọ́ tán. Iná ńkọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe computational kì í ra reagent, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín nìyẹn, iṣẹ́ yín lè dúró sí Nàìjíríà ju ti oníláàbù lọ.

Ọ̀nà àárín wà. Ọ̀kan ni APTI, ètò postdoc fún àwọn ọmọ Áfíríkà, NIH, Gates Foundation àti African Academy of Sciences ló jọ gbé e kalẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé ẹ máa lọ sí NIH fún ọdún 2, ẹ máa padà wálé, wọ́n á tún ràn yín lọ́wọ́ fún ọdún 2 míì nílé, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ṣì ń gba èèyàn. Èkejì ni Early-Career Award ti Wellcome, àjọ ìlú ọba kan tó ń fún ìwádìí lówó, gbogbo èèyàn rò pé ti àwọn òyìnbó nìkan ni, rárá o, ẹ lè mú un sọ́wọ́ ní yunifásítì Nàìjíríà, ó máa ń tó ọdún 5, owó oṣù wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ lè dé £400,000. Ó le láti gbà, àmọ́ ẹ mọ iye ènìyàn tí kì í tiẹ̀ bèèrè ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa?

Ọ̀rọ̀ bond: ẹ kà á láti òkè délẹ̀ kẹ́ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Study leave tí wọ́n ń san owó oṣù yín ni bond sábà máa ń tẹ̀ lé. Tẹ́ẹ bá bèèrè leave of absence láìgba owó oṣù, ní ibi púpọ̀ bond á fúyẹ́ tàbí kó má sí rárá, àyè yín á sì wà níbẹ̀ fún ọdún kan tẹ́ẹ lè sọ di méjì. Ẹ lọ bá Registry fúnra yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu HOD ṣe. Ẹ tún wo ẹni tó máa dúró fún yín gẹ́gẹ́ bí guarantor, torí tẹ́ẹ ò bá padà, òun ni wọ́n á lọ ká mọ́lé.

Ọ̀gáPípẹ́ẹ̀tì

Kí n tó lọ sùn, ọ̀rọ̀ í-meèlì. Ọ̀gá mi máa ń gba irú ẹ̀ lójoojúmọ́, èmi ni mo máa ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Respected Professor Sir" tó wá fi ìlà mẹ́wàá yin iṣẹ́ wọn láìdárúkọ iṣẹ́ kan, ó ti lọ. Èyí tó fi CV olójú ìwé mọ́kànlá ránṣẹ́ tòun ti sáfíkéètì NYSC, ó ti lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ìlà kan lórí ẹni tẹ́ẹ jẹ́, ìlà méjì lórí pépà wọn kan pàtó àti ohun tó kù nínú ẹ̀ tẹ́ẹ fẹ́ ṣe, ìlà kan tó gbé link GitHub tàbí bioRxiv yín, ìlà kan lórí owó. Ti owó yẹn ni ẹ̀mí í-meèlì náà. Ẹ ní "mo fẹ́ bèèrè fún Marie Curie tàbí Humboldt tàbí HFSP pẹ̀lú yín," fellowship tó ń san owó yín ni gbogbo wọn. Ọ̀gá tí ò lówó lọ́wọ́ á gbọ́ ìyẹn á dìde jókòó.

Marie Curie (MSCA) gba ọmọ ìlú èyíkéyìí, September ni wọ́n sábà máa ń ti ìlẹ̀kùn ẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú tẹ́ẹ ń lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tíì ju ọdún 8 lọ nínú iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD, wọ́n máa ń yọ ìgbà tẹ́ẹ fi wà lórí ìsinmi ìbímọ kúrò nínú ẹ̀. Ìlú ọba náà ti padà sínú ètò yẹn láti 2024. Àmọ́ ẹ má sáré fi ìdajì iṣẹ́ ránṣẹ́, torí tí máàkì yín bá kéré sí iye tí wọ́n fi lélẹ̀, ẹ ò ní lè bá ibi kan náà padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ti HFSP ní èyí tí wọ́n pè ní Cross-Disciplinary, àwọn tó ti physics tàbí computer science wá sínú biology ló wà fún, ẹ̀yin kọ́, Long-Term ni kẹ́ẹ wò.

Àbẹ̀kẹ́Gẹ́ẹ̀lì

Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣí Colab lálẹ́ àná, malariagen_data wọlé, mo ti ń wo dhps. NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, Colab ò mọ̀ 😂. Ọ̀tà náà, màá lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bọ̀dá Pípẹ́ẹ̀tì, mo ti yọ sáfíkéètì NYSC kúrò, ẹ má rẹ́rìn-ín mi.

Ó ku ẹyọ kan. Lẹ́tà ìjẹ́rìí. Bàbá tó ṣe alábòójútó PhD mi ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í yẹ í-meèlì wò, ti wọ́n bá sì máa kọ lẹ́tà wọ́n á ní "she is hardworking and God-fearing" wọ́n á sáìnì. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

MàmáSnakemake

Ẹ lọ bá Bàbá nílé pẹ̀lú nǹkan ọwọ́ díẹ̀, ẹ mú ìwé olójú kan dání tẹ́ẹ kọ ohun tẹ́ẹ ṣe lọ́dọ̀ wọn sí: assay tẹ́ẹ gbé kalẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iye ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ yẹ̀ wò, ọmọ project tẹ́ẹ kọ́, àwọn pépà yín. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á rí ibi tí wọ́n máa ti mú ọ̀rọ̀ jáde. Kẹ́ẹ tún bẹ ẹ̀ka yín kí wọ́n bá wọn ṣí í-meèlì yunifásítì wọn padà, torí púpọ̀ nínú àwọn portal yìí kì í gba lẹ́tà láti Gmail. Ẹnì kejì ńkọ́? Ẹ wá ẹnì kan tó ti rí kóòdù yín, olùkọ́ kan nínú H3ABioNet tàbí ẹni tẹ́ẹ bá pàdé ní Ọ̀tà yẹn. Tí Pf7 bá ti dé ojú ibi tẹ́ẹ lè fi hàn, ẹ fi link ránṣẹ́ sí mi nínú inbox, màá kà á kẹ́ẹ tó gbé e síta.